Bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ ìwé lọ bá atẹ̀wéjáde àti ejẹ́ǹtì: ẹ wá dá sí i

Gègé Àkàndé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn àròsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, 140,000 ọ̀rọ̀, ó dá lórí aláró kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta láyé àwọn òyìnbó. Èkejì jẹ́ ìtàn àròsọ lédè Yorùbá, kò ju 30,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ta ló yẹ kí n fi èwo ránṣẹ́ sí? Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà? Ṣé dandan ni kí èèyàn ní ejẹ́ǹtì, ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé ta iṣẹ́ rẹ̀ fún atẹ̀wéjáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Olóòtú Bódìjà

Àkàndé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ ara wọn.

Ti Yorùbá ò nílò ejẹ́ǹtì rárá. Tààrà lẹ máa gbé e lọ bá atẹ̀wéjáde. Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá jáde fìdí kalẹ̀ sí: University Press Plc, tó ń jẹ́ Oxford University Press tẹ́lẹ̀, Evans, HEBN, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Heinemann. Learn Africa, tó ń jẹ́ Longman nígbà kan, wà ní Ìkẹjà. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń mówó wọlé fún wọn. Nítorí náà, kí olóòtú ibẹ̀ tó wo bí ìtàn ṣe dùn tó, ó ti ń ro kíláàsì tó máa kà á, bóyá ó bá kàríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ẹ̀kọ́, mu, àti bóyá tíṣà lè gbé e síwájú ọmọ ọdún 14 kí òbí má wá bínú. Ẹ dá a lóhùn nínú lẹ́tà kó tó béèrè: "Ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere, orí 12, 30,000 ọ̀rọ̀, fún SS1 sí SS3." Tí ẹ bá ti kọ ìbéèrè márùn-ún márùn-ún sí ìparí orí kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́, torí iṣẹ́ tí wọn ì bá sanwó fún ẹlòmíràn kó ṣe lẹ ti bá wọn ṣe yẹn.

Tó bá jẹ́ ìtàn àgbàlagbà ni, tí ọ̀rọ̀ inú yàrá sì wà níbẹ̀, ẹ má fi bò. Ẹ má sì gé e kúrò nítorí wọn bó bá jẹ́ òun ni egungun ìtàn náà. Àwọn atẹ̀wéjáde kéékèèké ni kí ẹ gbé irú ìyẹn lọ bá.

Kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ béèrè orúkọ olóòtú tó ń mójú tó àwọn èdè Nàìjíríà. Àpò ìwé tí wọ́n bá kọ "Sí Ọ̀gá Àgbà" sí lórí, ọ́fíìsì akọ̀wé ló máa ń sùn sí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, àti bóyá fáìlì ni wọ́n fẹ́ tàbí èyí tí a tẹ̀ sórí bébà. Ohun tó sábà máa ń bá iṣẹ́ náà lọ ni lẹ́tà ojú ewé kan, àkópọ̀ ìtàn ojú ewé kan, àti ìtàn ara yín ní ìlà bíi mẹ́wàá. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ pé, wọn kì í gba orí mẹ́ta níbẹ̀ bíi tàwọn ará London. Wọ́n á gbé e fún tíṣà tàbí olùkọ́ yunifásítì kan níta kó kà á kó sì kọ àbọ̀ wá. Ibẹ̀ ni àkókò ń lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ lè fi ímeèlì onílà méjì béèrè ibi tí nǹkan dé. Ẹ má pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ Yorùbá jẹ́ lójú olóòtú ju gbogbo nǹkan lọ ni àkọtọ́. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 1974 ni wọ́n ń lò. "Aiye" ti di "ayé", "enia" ti di "ènìyàn", "yio" ti di "yóò", "nigbati" ti di "nígbà tí", "gẹgẹbi" sì ti di "gẹ́gẹ́ bí". Tí olóòtú bá rí "aiye" àti "ayé" lójú ewé kan náà, ó ti mọ̀ pé òun máa san owó àtúnṣe gbogbo ìwé náà. Kó tó dé orí kejì ó ti ṣírò rẹ̀.

Àyìnkẹ́ Atẹ̀wé

Ẹ̀gbọ́n Olóòtú ti sọ ti àkọtọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ti fáìlì, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó dáa ti ń kú.

Lẹ́tà ọ́ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà. Ọ tó ní àmì lábẹ́ dá wà, àmì ohùn orí rẹ̀ dá wà, wọ́n kàn ń gorí ara wọn ni. Fọ́ǹtì tí kò mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n jókòó máa ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ lo Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Fún títẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ó wà nínú Gboard lórí fóònù, Keyman náà sì ní tiẹ̀. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tó jẹ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnnì nọ́ńbà kí "ẹ" tó jáde, ẹ sá fún wọn. Àmì mìíràn pátápátá ni wọ́n ń kọ sínú fáìlì, ojú yín nìkan ni wọ́n ń tàn. Tó bá dé orí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, wúruwùru ni olóòtú máa rí.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ lo Find láti wá "ọmọ" nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Tó bá rí àwọn kan tí kò rí àwọn kan, a jẹ́ pé ẹ ti da àmì kíkán abẹ́ lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìlà abẹ́ lẹ́tà. Ẹ fi Replace sọ gbogbo wọn di ọ̀kan kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi PDF kún fáìlì Word, kí olóòtú lè rí ohun tí ẹ ní lọ́kàn tí nǹkan bá ṣì dojú rú.

Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀, ẹ má fi àmì kankan sí i: orúkọ ìdílé yín, àkọlé, ó tán. "Ìwé mi tuntun tuntun gan-an 3" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú àpótí tí 200 fáìlì wà.

Fún ìtòlẹ́sẹẹsẹ, yálà Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá: lẹ́tà ìwọ̀n 12, ààyè ìlà ìlọ́po méjì, 2.54 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ńbà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi spacebar ti ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ wọlé, inú ètò ìpínrọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Orí tuntun, Ctrl pẹ̀lú Enter ni, kì í ṣe Enter ogún ìgbà.

Ará Peckham

Ó kan ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní London, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í sábà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tààrà, ejẹ́ǹtì ni ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ni kó tà á, kó dúnàádúrà, kó sì gbowó wá. 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń mú nínú ohun tó bá wọlé nílé, 20 lórí èyí tó bá tà sí ilẹ̀ òkèèrè tàbí fún ìtumọ̀ sí èdè mìíràn. Tí kò bá tà á, kò gba kọ́bọ̀.

Àkàndé, 140,000 ti pọ̀ jù fún ìwé àkọ́kọ́. 80,000 sí 100,000 ni wọ́n ń retí. Ìtàn àtijọ́ lè fi díẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn nìkan máa jẹ́ kí ẹlòmíràn dá lẹ́tà dúró láìkà á dé ìsàlẹ̀. Bébà àti owó ìtẹ̀ wà nínú ìdí. Èyí tó tóbi jù ni pé ejẹ́ǹtì gbà pé ẹni tó kọ 140,000 kò tíì mọ ibi tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ìtàn ìran àti ìdílé ló kún ibẹ̀, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní orí kẹrin.

Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń béèrè: lẹ́tà, àkópọ̀ ìtàn ojú ewé kan, àti orí mẹ́ta àkọ́kọ́ tàbí nǹkan bí 10,000 ọ̀rọ̀. Orí mẹ́ta ÀKỌ́KỌ́ o, kì í ṣe mẹ́ta tó dùn jù. Ẹni tó bá fi orí 1, 9 àti 22 ránṣẹ́ ti sọ fún wọn pé ìbẹ̀rẹ̀ ìwé òun kò dáa.

Lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ ju 300 ọ̀rọ̀ lọ. Ìlà àkọ́kọ́: ìdí tí ẹ fi yan ejẹ́ǹtì yìí gan-an, àkọlé, irú ìwé tó jẹ́, iye ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ìtàn. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Mo máa kọ ọ́ ní Yorùbá kó yé gbogbo wa, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa kọ tiyín.

Èyí tí kò ní ṣiṣẹ́: "Ìtàn mi dá lórí ìfẹ́, ọ̀tẹ̀, àṣà àti ìgbàgbọ́. Ó máa kọ́ aráyé lẹ́kọ̀ọ́, tọmọdé tàgbà ló sì máa gbádùn rẹ̀."

Èyí tó lè ṣiṣẹ́: "Abẹ́òkúta, 1936. Aláké ti fòfin de sódà nínú aró. Wúràọlá, opó tó ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú, ti fi sódà rẹ 200 aṣọ tí oníbàárà kan láti Dakar ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá kó wọn jáde, ọba máa mú un. Tó bá rì wọ́n mọ́lẹ̀, ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ olówó èlé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń wádìí àwọn aláró."

Ẹ wò ó: èèyàn kan, ibì kan, ohun tó fẹ́, ohun tó dí i lọ́nà, ohun tó máa pàdánù. Kò sí "ìfẹ́" tàbí "ọ̀tẹ̀" níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó kà á ti rí méjèèjì. Ẹ dúró níbẹ̀. Ìparí ìtàn kò sí nínú lẹ́tà.

Inú àkópọ̀ ìtàn ni ìparí wà, dandan sì ni kó wà níbẹ̀. Ejẹ́ǹtì ń ka àkópọ̀ láti mọ̀ bóyá okùn ìtàn náà já níbì kan. Ẹni tó bá kọ "kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Wúràọlá? Ẹ ka ìwé náà!" kò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Kí orúkọ èèyàn má ju márùn-ún lọ níbẹ̀. Àwọn yòókù, "ọmọ ìyá rẹ̀", "olówó èlé" ti tó.

Lẹ́yìn ìtàn, ẹ dárúkọ ìwé méjì tí tiyín lè jókòó tì lórí pẹpẹ, tí wọ́n jáde láàárín ọdún márùn-ún sí àkókò yìí. Ẹ má mú èyí tó ti gba ẹ̀bùn tí gbogbo ayé mọ̀, ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa ọjà. Ìlà méjì nípa ara yín, ó parí. Tí ẹ bá ti tẹ ìtàn kúkúrú jáde níbì kan, tàbí tó jẹ́ pé ilé aláró ni wọ́n bí yín sí, ẹ sọ ọ́. Ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ tí kò kan ìtàn náà, ẹ fi sílẹ̀.

Táíwò Houston

Ní Amẹ́ríkà ó yàtọ̀ díẹ̀. Lẹ́tà, tí gbogbo èèyàn níbí ń pè ní query, ló ń dá lọ, pẹ̀lú ojú ewé 5 sí 10 àkọ́kọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ímeèlì gan-an. Ẹ má so fáìlì mọ́ ọn àyàfi tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ń pa ímeèlì tó bá ní fáìlì rẹ́ láìṣí i. Ọ̀pọ̀ ló ti kó sórí ìkànnì QueryManager, fọ́ọ̀mù ni ẹ máa kọ síbẹ̀. QueryTracker máa jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń gba iṣẹ́ àti ẹni tó ti ti ilẹ̀kùn. Fún àwọn ejẹ́ǹtì London, ẹ wo ìwé Writers' & Artists' Yearbook tó ń jáde lọ́dọọdún.

Ẹ má fi ránṣẹ́ sí 60 ejẹ́ǹtì lọ́jọ́ kan. Mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró. Ìdí ni pé ìdáhùn wọn ló máa sọ ibi tí àìsàn wà. Tí gbogbo wọn bá dákẹ́ tàbí tí wọ́n kọ̀ láìbéèrè ojú ewé kan sí i, lẹ́tà yín ló ń ṣàìsàn. Tí wọ́n bá béèrè orí díẹ̀ sí i kí wọ́n tó kọ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ dáa ṣùgbọ́n agbára ìtàn ń rẹ̀ dànù. Tí wọ́n bá ka gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó kọ̀, ìṣòro kan wà láti ìdajì ìwé síwájú, ó sì yẹ kí ẹ dá iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ dúró ná kí ẹ tún un kọ. Ejẹ́ǹtì tó bá ti ní òun ò fẹ́ ìwé kan kì í sábà tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn ejẹ́ǹtì kan pa mọ́ fún ìpele kejì.

Ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́ sójú ewé wọn pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ túmọ̀ sí rárá. Ọ̀sẹ̀ àtẹ ìwé London, ní ìgbà ìrúwé, àti ti Frankfurt, ní oṣù kẹwàá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn kò sí lórí àga.

Adùkẹ́ Òǹkàwé

Ẹ̀gbọ́n Táíwò, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ ńkọ́? Bíi ìwé oúnjẹ, tàbí ìtàn ìlú?

Táíwò Houston

Àǹtí Adùkẹ́, ìyẹn ò nílò kó parí. Ìwé àbá lẹ máa kọ, tí wọ́n ń pè ní proposal, ó lè tó ojú ewé 30 sí 50. Ohun tó wà nínú rẹ̀: kí ni ìwé náà jẹ́ àti ìdí tó fi jẹ́ àsìkò yìí, ta lẹ jẹ́ tí ẹ fi lè kọ ọ́, ta ló máa rà á, ibo lẹ sì ti lè bá wọn, ìwé mẹ́rin sí mẹ́fà tó jọ ọ́ àti ohun tí tiyín ní tí wọn ò ní, orí kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ kan, lẹ́yìn náà orí kan tàbí méjì tí ẹ ti kọ tán. Ìwé oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ìlànà sísè bíi mẹ́wàá tí ẹlòmíràn ti sè látinú bébà láìbi yín ní nǹkan kan. "Iyọ̀ tó tó" kò ṣeé tẹ̀ jáde, ẹ wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ìtàn ìgbésí ayé ara ẹni, bí ìtàn àròsọ ni ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ṣe ń wò ó, wọ́n fẹ́ kó parí.

Ẹ má kọ "gbogbo èèyàn ló máa rà á". Ẹ kọ "àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston, Peckham àti Maryland, tí wọ́n fẹ́ se ẹ̀fọ́ rírò láìpe ìyá wọn." Ẹni tó ń ta ìwé lè rí àwọn wọ̀nyẹn lójú.

Ìyá Oníwèé

Àkàndé ọmọ mi, má jẹ́ kí àwọn ará òkè òkun yìí mú ọ gbàgbé ilé. Àwọn tó ń tẹ ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ́dọ̀ wa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé láìsí ejẹ́ǹtì: Cassava Republic tó bẹ̀rẹ̀ l'Ábùjá lọ́dún 2006, Farafina, Parrésia, Ouida, Masobe àti Narrative Landscape l'Ékòó, Bookcraft n'Íbàdàn. Wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì tún tì í, orí ìkànnì wọn lo ti máa rí i. Ra ìwé wọn méjì kí o kà á. Ẹni tó bá fi ìwé ewì ránṣẹ́ sí ilé tí kì í tẹ ewì, kò sí ohun tí olóòtú lè ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́ létí. Atẹ̀wéjáde gidi ló ń náwó sórí ìwé, òun ló ń san owó olóòtú, ayàwòrán, ìtẹ̀ àti ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tí National Library of Nigeria ń fún wọn. Ejẹ́ǹtì gidi kì í gba owó ìkàwé. Òfin ẹgbẹ́ àwọn ejẹ́ǹtì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà lòdì sí i. Ẹni tó bá ní kí o ra 500 ẹ̀dà ìwé ara rẹ kí òun tó tẹ̀ ẹ́, ìwọ lò ń tẹ ìwé náà, orúkọ rẹ̀ ló kàn wà lẹ́yìn.

Kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn sanwó tẹ ìwé ara rẹ̀ o. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé dunjú kún Ṣómólú. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé o mọ̀ pé òun lò ń ṣe: kí wọ́n kọ iye ẹ̀dà, ìwọ̀n bébà, irú ìdìpọ̀ àti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ISBN jẹ́ tìrẹ, kí o sì gba fáìlì ìparí, èyí tó ṣeé ṣí àti PDF. Ẹni tí kò bá gba fáìlì, tó bá fẹ́ tún un tẹ̀ lọ́dún kejì, ẹsẹ̀ ẹni yẹn náà ló máa padà sí.

Àwọn gbájúẹ̀ tún ti ń lo orúkọ ejẹ́ǹtì gidi báyìí. Ímeèlì á wọlé pé ilé-iṣẹ́ fíìmù ń wá ìwé rẹ, kí o kọ́kọ́ san owó "ìwé-ẹ̀rí". Wo ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì náà, fi wé ti ìkànnì ilé-iṣẹ́ fúnra wọn. Kí o sì wá orúkọ náà lórí Writer Beware, ìkànnì tó ń tú àṣírí àwọn gbájúẹ̀ inú iṣẹ́ ìwé.

Gègé Àkàndé

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ṣé mo wá lè fi ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì London àti atẹ̀wéjáde Èkó lẹ́ẹ̀kan náà?

Ará Peckham

Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ejẹ́ǹtì ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti ní àwọn ò fẹ́ iṣẹ́ yín, ejẹ́ǹtì ò lè gbé e padà lọ bá wọn.

Ìyá Oníwèé

Ará Peckham, ilé-iṣẹ́ London lò ń sọ. Ti Nàìjíríà kò dí ti London lọ́nà, bí ìwé àdéhùn bá mọ ní Nàìjíríà. Kí ọmọ náà má jókòó ọdún méjì torí ejẹ́ǹtì tí kò dáhùn.

Agbẹjọ́rò Ìwé

Ẹ̀yin méjèèjì tọ̀nà, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn ló máa pinnu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ̀tọ́ títẹ̀ ìwé jáde ṣeé pín bí ilẹ̀: ilẹ̀ wo, èdè wo, irú èwo, ọdún mélòó. Tí atẹ̀wéjáde Èkó bá kọ "gbogbo àgbáyé, gbogbo èdè, títí ayé" tí Àkàndé fọwọ́ sí i, ejẹ́ǹtì London ò ní nǹkan kan tó máa tà mọ́. Kí ó jẹ́ "lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní Nàìjíríà, fún ọdún márùn-ún tàbí méje." Kí ẹ sì sọ fún ejẹ́ǹtì ní ìlà kan nínú lẹ́tà pé ẹ̀tọ́ Nàìjíríà ti lọ, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ọ níbòmíràn.

Láti ọ̀nà kejì, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àdéhùn London sábà máa ń ní "ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì". Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, kò sí atẹ̀wéjáde Nàìjíríà tó lè tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ wọn, ìwé tí wọ́n kó wọlé pẹ̀lú iye pọ́ùn sì ni àwọn ará Abẹ́òkúta máa rà, bí wọ́n bá lè rà á. Ìtàn aláró Ìtòkú tí ará Ìtòkú ò lè rà! Ẹ ní kí ejẹ́ǹtì yọ Nàìjíríà sọ́tọ̀, tàbí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rọrùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i ju lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Owó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé: ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí. Ká ní ₦5,000 ni iye tó wà lẹ́yìn ìwé. 10 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦500. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ "10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé", tí wọ́n sì dín 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún ilé ìtàwé, ₦3,000 ló wọlé, ₦300 lẹ máa gbà. Nọ́ńbà kan náà ni, owó ọ̀tọ̀. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n bá fún yín, inú owó ẹ̀tọ́ yìí ni wọ́n ti máa yọ ọ́ kí òmíràn tó wọlé. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń ṣírò owó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló wọ́pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ lè yẹ ìwé owó wò.

Fíìmù, ìwé àfetígbọ́ àti ìtumọ̀ sí Yorùbá, ẹ má fi wọ́n ta lọ́fẹ̀ẹ́ sínú àdéhùn kan tí kò dárúkọ ohun tí wọ́n máa san lórí wọn.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti "gba copyright" kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ti jẹ́ tiyín látọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Òfin Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, fi í sọ́wọ́ yín títí ẹ fi máa kú, àti 70 ọdún lẹ́yìn náà fún àwọn ọmọ yín. Orin olórin tí ẹ kọ sínú ìtàn lè nílò àṣẹ, ẹ̀yin lẹ sì máa wá a.

Gègé Àkàndé

Tí ejẹ́ǹtì kan bá wá sọ pé òun fẹ́ ẹ ńkọ́, sà?

Agbẹjọ́rò Ìwé

Ẹ má dáhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ dúpẹ́, ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ fẹ́, wọ́n mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Ní wákàtí kan náà, ẹ kọ̀wé sí gbogbo ejẹ́ǹtì tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn pé ẹnì kan ti fẹ́ ẹ, kí ẹ dá ọjọ́ fún wọn. Ẹni tó ti ń sùn lórí rẹ̀ máa jí.

Lórí fóònù, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ kí ẹ tún ṣe sí iṣẹ́ náà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbé e lọ bá, ẹni tó ń bá a ta ẹ̀tọ́ ilẹ̀ òkèèrè, àti bí ẹ ṣe lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìfitónilétí ọjọ́ 30 ló sábà máa ń wà nínú àdéhùn. Bí ẹ bá kúrò, ó ṣì ní ìpín nínú ìwé tó ti tà.

Bí owó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ní kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù W-8BEN. Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí, nítorí náà 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n máa yọ níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi í sínú ìṣirò kí ẹ tó fi owó náà ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tí a kò tíì mẹ́nu bà: ìgbà tí ìwé bá tán lórí pẹpẹ. Kí àdéhùn sọ ọ́ ní nọ́ńbà, bíi "tí ẹ̀dà tó tà kò bá tó 100 láàárín oṣù 12, ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé." Bí wọ́n bá kàn kọ "tí ìwé kò bá sí lórí àtẹ mọ́", ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í kúrò lórí àtẹ láéláé, ẹ̀tọ́ yín ò sì ní padà wá.